Tíì onímílíìkì ń dà mí nínú rú láàárọ̀: ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Tíṣà ni mí, ọmọ ọdún 31, Òṣogbo ni mò ń gbé. Láàárọ̀ kí n tó jáde nílé, mo máa ń po tíì sínú ife ńlá, mílíìkì rẹ̀ á sì ki dáadáa, torí mi ò ní ráyè jẹun mọ́ títí di ọ̀sán. Kí àwọn ọmọ tó kọrin tán lórí ìlà, inú mi á ti máa kùn, á wú, màá sì sáré wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Màmá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ló fà á, wọ́n sì ti ń fún mi lágbo láti oṣù tó kọjá. Àgbo yẹn tún wá ń mú mi yàgbẹ́ sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá mu yógọ́ọ̀tì, nǹkan kan kì í ṣe mí. Ṣé kí n pa mílíìkì tì ni? Egungun mi wá ńkọ́? Mo sì ní ọmọ ọdún méjì nílé tí kò fi mílíìkì ṣeré.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, mi ò rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mílíìkì tí ẹ ń mu lẹ́ẹ̀kan náà, láìtíì fi nǹkan kan ẹnu, ló pọ̀ ju ohun tí ìfun yín lè dà lọ. Ẹ ò ní láti pa mílíìkì tì. Ẹ kàn máa wọ̀n ọ́n ni, kí ẹ sì yí àsìkò tí ẹ ń mu ún padà.

Màmá kò kúkú jìnnà sí òótọ́. Ṣúgà ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti inú páálí. Nínú mílíìkì fúnra rẹ̀ ni ṣúgà kan wà tí wọ́n ń pè ní lactose. Ara ò lè fà á mu bó ṣe wà, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gé e sí méjì, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lactase, tí awọ ìfun kékeré ń ṣe, ló sì ń gé e. Gbogbo ọmọ tuntun ló ní lactase dáadáa, torí omi ọmú ìyá gan-an kún fún lactose, nǹkan bíi gíráàmù 7 nínú mílílítà 100, èyí tó ju ti mílíìkì màlúù lọ. Tí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé á bẹ̀rẹ̀ sí í dín lactase náà kù díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Bí gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú ṣe rí nìyẹn.

Lactose tí wọn ò gé á wá gba ìfun kékeré kọjá, á máa fa omi mọ́ra lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi ń ṣàn. Tó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á sì tú afẹ́fẹ́ jáde, hydrogen pàápàá. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń kùn nínú yín, òun náà ló ń di isó. Ó sábà máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì lẹ́yìn tí èèyàn mu mílíìkì kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí sì bá àkókò ìlà yín mu gẹ́lẹ́. Díẹ̀ nínú hydrogen náà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, a ó sì mí i síta. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ lè fi èémí ẹnu lásán yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é. Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, ẹni tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, wà lára àwọn tó ṣe é pẹ̀lú Norman Kretchmer tó wá láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ní 1971 ni wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní omi tí wọ́n po lactose sí mu, wọ́n wá ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti wò ó bóyá ṣúgà inú rẹ̀ ń gòkè. Tó bá gòkè, a jẹ́ pé ìfun gé lactose yẹn. Nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá àti Ígbò, agbára káká ni wọ́n fi rí ẹni tí tirẹ̀ gòkè. Ti àwọn Fúlàní darandaran yàtọ̀: ti ọ̀pọ̀ wọn gòkè. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Finland rí àyípadà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì lactase (ohun àjogúnbá tó ń mú kí ara ṣe lactase) tí kì í jẹ́ kí agbára àti gé lactose kú lẹ́yìn ọmú, wọ́n sì ti rí àyípadà kan náà yìí lára àwọn Fúlàní. Nítorí náà, bí Fúlàní bá gbé igbá mílíìkì dé orí tó sì mu ún tán pátá, tí tíṣà Òṣogbo mu ife kan tó ń sáré, kò sí ọwọ́ ayé ńbẹ̀.

Ẹ lè wá bi mí pé, bó bá jẹ́ pé gbogbo wa ló rí báyìí, kí ló dé tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ yín ń mu tíì tiwọn tí wọn ò sáré? Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. Pé ìfun ò lè gé lactose tán kò túmọ̀ sí pé inú gbọ́dọ̀ dàrú. Bó ṣe pọ̀ tó, ohun tí wọ́n jẹ mọ́ ọn àti irú kòkòrò tó wà nínú ìfun oníkálukú ló ń pinnu rẹ̀. Ní 2010, àwọn amòye tí National Institutes of Health, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, kó jọ gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ara wọn ò gé lactose ló lè gba nǹkan bíi gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan náà láìsí wàhálà kan dàbí alárà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú ife. Mílíìkì olómi inú agolo ní nǹkan bíi gíráàmù 10 lactose nínú gíráàmù 100. Agolo kékeré tó wọn gíráàmù 160, tí ẹ bá dà á tán, gíráàmù 16 nìyẹn. Mílíìkì oníyẹ̀fun, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ni lactose, nítorí náà sáṣẹ́ẹ̀tì oní-gíráàmù 14 kan á ní bíi 5. Àwọn tí wọ́n fi òróró rọ́pò ọ̀rá mílíìkì, tí owó wọn rọjú, kò bọ́ lọ́wọ́ lactose o. Ọ̀rá ni wọ́n pààrọ̀, wọn ò yọ ṣúgà. Ẹ tún wo ara agolo kòkó mímu yín: mílíìkì oníyẹ̀fun sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń wo mọ́láàmù onítíì tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn wa. Á lu agolo níhò méjì, á gbé e sókè, á jẹ́ kó máa ṣàn sínú ife títí ẹni tó ń rà á yóò fi ní ó tó. Onítọ̀hún kì í tètè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún ní kó bu oníyẹ̀fun lé e. Ife bẹ́ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 20, lójú ebi, láago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àti kòkó onímílíìkì, àti áísìkiriìmù. Ẹ fi àgbo náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ò ní mọ èwo ló ń ṣe èwo. Bí inú bá rọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà pẹ̀lú sáṣẹ́ẹ̀tì kan péré, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹ nǹkan: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí búrẹ́dì àti ẹyin. Oúnjẹ á dá a dúró díẹ̀ nínú ikùn, kò ní já lu ìfun lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ mu ìyókù nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá ń mu díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá náà máa ń mọ́ ọn lára, afẹ́fẹ́ á sì dín kù.

Ọ̀rọ̀ yógọ́ọ̀tì yín gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura sí lactose. Àwọn kòkòrò tó ń sọ mílíìkì di yógọ́ọ̀tì ní èròjà tiwọn tó ń gé lactose, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ náà lọ nínú ìfun yín. Yógọ́ọ̀tì sì tún ki, kì í tètè kúrò nínú ikùn. Àmọ́ ààyè ni kòkòrò ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà. Àwọn kan tí wọ́n ń tà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, wọ́n ti gbé e kaná lẹ́yìn tó kan kó má baà tètè bàjẹ́, kòkòrò ti kú, ṣúgà ló kù. Ti wàrà tún dára. Nígbà tí ìyá Fúlàní bá da omi ewé bòmùbòmù sínú mílíìkì gbígbóná tó sì dì, púpọ̀ nínú lactose rẹ̀ ló ń bá omi rẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ fún omi ara wàrà yín dànù kí ẹ tó dín in. Nónò tí wọn ò se mílíìkì rẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn mìíràn lè ti ara màlúù wọ inú rẹ̀.

Egungun kò gbára lé mílíìkì nìkan. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun, sàdíìnì inú agolo, edé, yànmọ̀tí, ewúro, gbogbo wọn ló ní kálísíọ́ọ̀mù, ẹ ó sì máa mu mílíìkì díẹ̀ àti yógọ́ọ̀tì lé e.

Ẹ má gba mílíìkì lọ́wọ́ ọmọ torí pé ó ń da ìyá rẹ̀ nínú rú. Tí inú rẹ̀ bá ń dára, ẹ máa fún un, àmọ́ kó má kọjá nǹkan bí ife méjì lóòjọ́, torí ọmọ tó bá fi mílíìkì kún ikùn kì í jẹun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì máa gbẹ. Tó bá ṣì ń mu ọmú, ẹ jẹ́ kó máa mu ún. Ìgbẹ́ gbuuru tó le lè bó awọ ìfun ọmọ kí lactase rẹ̀ dín kù fún ìgbà díẹ̀. Yóò padà bọ̀ sípò. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí mílíìkì bá ń mú kí ara ọmọ sú, kí ètè rẹ̀ wú, tàbí kó máa mí gúlegúle, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ara rẹ̀ ló kọ mílíìkì, díẹ̀ sì lè ṣe é léṣe. Ilé ìwòsàn lẹ ó gbé e lọ.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, mi ò bá Màmá jà. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀dí ló ní ewé tó ń ṣí inú, bí àsúnwọ̀n òyìnbó, èyí tó wúlò fún ẹni tí ìgbẹ́ dì nínú. Inú tiyín ti ṣí jù tẹ́lẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí inú kò rọ̀, tàbí tí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ ń rù, tí ibà ń ṣe yín, tàbí tí ìgbẹ́ ń jí yín lóru, ẹ má dá lactose lẹ́bi mọ́. Ẹ lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti ń mu àgbo, tí ẹ bá sì lè bi Màmá nípa orúkọ àwọn ewé tí wọ́n fi sè é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ mú lọ.