"Sayonara" kì í ṣe "ó dàbọ̀"

Àbúrò mi, o ní o ń lọ kàwé ní Japan, o sì béèrè bóyá "sayonara" nìkan ti tó láti fi dágbére fáwọn èèyàn. Kò tó o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ dójú tì mí.

Ṣọ́ọ̀bù tí kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru, èyí tí wọ́n ń pè ní konbini, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Mo gbà pé ẹgbẹ́ "ó dàbọ̀" ni "sayonara", torí náà òun ni mo fi ń dágbére tí mo bá ń lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, màmá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí ẹnì kan ló ṣẹ̀ mí. Ó ká mi lára gan-an. Àbọ̀ wà nínú "ó dàbọ̀" tiwa, à ń retí ara wa. Kò sí àbọ̀ nínú "sayonara". Inú "sayō naraba" ló ti wá, ìyẹn "bó bá rí bẹ́ẹ̀". Àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń fi dágbére fún tíṣà wọn, ṣùgbọ́n láàárín àwọn àgbàlagbà, ó máa ń dún bíi pé ìrìn náà máa jìn.

"Jaa ne" tàbí "jaa mata" ni wàá máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́. "Jaa" dà bí "ó yá, nígbà náà". "Mata" ni "lẹ́ẹ̀kan sí i". Tẹ́ ẹ bá máa ríra lọ́la, ẹ ó ní "mata ashita", ó dọ̀la gẹ́lẹ́ nìyẹn. "Bai bai" náà wà, tọmọdé tàgbà ló ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n má sọ "jaa ne" fún ọ̀gá láé! Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wa lálẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ yí padà, kò sì dá mi lóhùn. Àfi bí ìgbà tí ọmọdé bá dúró ṣánṣán níwájú bàbá àgbà, tó ní "báwo ni". Tó o bá fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ ṣáájú àwọn yòókù, "osaki ni shitsurei shimasu" ni kó o sọ, pé kí wọ́n má bínú pé o ti ń lọ ṣáájú wọn. Wọ́n á fèsì pé "otsukaresama deshita". Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tó kù lọ, torí "ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá" ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá lè sọ "gokurousama" fún ọ. Ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè ló ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Má fi dá a lóhùn. "Otsukaresama deshita" ni kó o sọ.

Tó o bá lọ kí èèyàn nílé, "ojama shimashita" lo máa sọ lẹ́nu ọ̀nà, pé o ti dí wọn lọ́wọ́. Tó o bá ń dágbére fún ẹni tára rẹ̀ kò yá, wàá sọ pé "odaiji ni", ìyẹn "ẹ tọ́jú ara yín".

Níbi tọ́rọ̀ bá ti rú ọ lójú, yálà ní ọ́fíìsì tíṣà tàbí lórí fóònù, sọ "shitsurei shimasu", ìyẹn "ẹ má bínú", kó o tẹrí ba díẹ̀. Kódà lórí fóònù, wàá rí wọn tí wọ́n ń tẹrí ba.