Sàtífíkéètì mẹ́sàn-án, kíláàsì kan: àwọn tíṣà béèrè nípa ẹ̀kọ́ orí fóònù

Tíṣà ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì jẹ wọ́n lógún. A mú márùn-ún dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Láàárín ọdún méjì mo ti ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì gba sàtífíkéètì gbogbo wọn. Hẹ́dìmásítà wa ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan nínú kíláàsì mi. Ṣé TRCN á ka ìwé wọ̀nyí sí, àbí mo kàn ń fi dátà ṣòfò ni?
*Tíṣà kíláàsì kẹrin, Ìṣẹ́yìn*

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti TRCN kúrò nílẹ̀. Òfin ọdún 1993 ló gbé àjọ náà kalẹ̀ láti máa forúkọ tíṣà sílẹ̀, òun náà ló sì ń sọ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó máa kà fún tíṣà. Kì í ṣe gbogbo ìwé tó ní òǹtẹ̀ ni wọ́n ń kà. Kí ẹ tó sanwó fún kọ́ọ̀sì kankan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e kalẹ̀ àti iye wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ bi wọ́n. Bí àpẹẹrẹ, kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìkànnì wọn, OpenLearn, máa ń fúnni ní ìwé pé èèyàn kópa. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìwé pé ẹ kópa yàtọ̀ sí ìwé pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ hẹ́dìmásítà yín ló le jù. Kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù. Ẹyọ kan ní táàmù kan ti tó. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù, ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó ogún ìwé jọ, kí ẹ wá àṣìṣe tó ń padà wá ṣáá. Ẹ jẹ́ ká ní ìyọkúrò ni: ẹ fún wọn ní 52 − 27, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ 35. Ọmọ tó kọ 35 kì í ṣe aláìbìkítà o. Ó rí 2 lókè, ó rí 7 nísàlẹ̀, ó mọ̀ pé 7 ò ṣeé yọ nínú 2, ló bá dorí rẹ̀ kodò: ó yọ 2 nínú 7, ó rí 5, ó yọ 2 nínú 5, ó rí 3. Òfin ló ń tẹ̀ lé, àmọ́ òfin ọ̀hún ni kò tọ́. Tẹ́ ẹ bá kàn fi bírò pupa fa ìlà lé e lórí, bó bá di ọ̀la, á tún kọ 35.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ọ̀sì, èyí tó dá lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìyọkúrò. Ẹ wo apá tó kàn yín nìkan, kí ẹ mú ọgbọ́n kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ẹ sì lò ó nínú kíláàsì kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ọgbọ́n kan tẹ́ ẹ lè bá pàdé ni kí ọmọ máa kà síwájú lórí ìlà nọ́ńbà: láti 27 dé 30 jẹ́ 3, láti 30 dé 52 jẹ́ 22, ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di 25. Tíṣà tó gbọ́ Yorùbá ò gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí kọjá lásán, torí orúkọ 27 fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mẹ́ta ló dín kó pé ọgbọ̀n. Ẹ bi wọ́n pé, “Mélòó ló kù kó pé ọgbọ̀n?” Inú orúkọ náà ni ìdáhùn wà. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ò lè sọ èyí fún yín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbì kan: láti 25 dé 29 nìkan ni orúkọ ń wo ọgbọ̀n níwájú. Mẹ́tàlélógún, ogún ló ń wò lẹ́yìn, nítorí náà tó bá di 52 − 23, ìlà nọ́ńbà ni kí ẹ gbára lé: 7 láti dé 30, lẹ́yìn náà 22.

Lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ tó kọ́ wọn, ẹ fún wọn ní ìbéèrè 5, kí ẹ kọ máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fún wọn ní 5 mìíràn tó jọ ọ́, láìsọ tẹ́lẹ̀. Tí kíláàsì bá pọ̀ jù, ẹ fi ọmọ 15 ṣe é. Ojú ìwé tí máàkì méjèèjì wà ni kí ẹ gbé síwájú hẹ́dìmásítà.

Ẹ̀yin náà, bẹ́ ẹ bá parí fídíò kan, ẹ pa á dé, kí ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rántí sórí ìwé kí ẹ tó tún un wò. Lọ́dún 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fi irú èyí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ náà ní àkàtúnkà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ti yọ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà ń wo fídíò bí ẹni ń wo sinimá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kù sí wọn lára.

Ẹ kú àtẹ̀jáde. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ ní SS1. Mo fẹ́ máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp nígbà ọlidé, ṣùgbọ́n àwọn òbí ní fídíò mi ń jẹ dátà àwọn, àwọn ọmọ ní àwọn ò rí ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Kí ni kí n ṣe?
*Tíṣà sáyẹ́ǹsì, Ògbómọ̀ṣọ́*

Àwọn òbí ò parọ́. Fídíò ìṣẹ́jú kan péré tí fóònù yà ní 1080p lè wà láàárín 60 MB sí 130 MB. WhatsApp á fún un pọ̀ kó tó gbé e lọ, bó sì ṣe ń fún un náà ni ọ̀rọ̀ ojú bọ́ọ̀dù ń di bàìbàì. Ẹ̀dùn ọkàn méjèèjì, ibì kan náà ló ti wá. Ẹ fi fídíò sílẹ̀. Fọ́ìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń wà ní nǹkan bíi 2 MB. Àwòrán mẹ́ta pẹ̀lú fọ́ìsì nóòtì mẹ́ta, ẹ̀kọ́ kan ti délé.

Ẹ má jẹ́ kí fọ́ìsì nóòtì kan ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lọ́dún 2014, Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìkànnì kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò, wọ́n rí i pé èyí tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ ni wọ́n ń wò dáadáa jù. Tí ọ̀rọ̀ bá gùn, ẹ gé e.

Ẹ má gba ohùn sílẹ̀ nínú kíláàsì òfìfo, ògiri á máa dá ohùn padà. Yàrá tó ní ibùsùn àti kọ́tìnì ló dára jù. Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Ẹ fa àmì máíkì náà sókè kó lè ti ara rẹ̀, ẹ ò ní máa fìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tan flight mode: ìpè kan tó bá wọlé lójijì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ dúró kó dá.

Ní ti àwòrán, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gbọ́dọ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sórí bọ́ọ̀dù. Tó bá kọjú sí i tààrà, bọ́ọ̀dù á máa dán, lẹ́tà á pòórá. Ẹ tẹ HD kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Lábẹ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ “Ẹ̀kọ́ 4, 2 nínú 3”, torí fọ́ìsì nóòtì kì í ní orúkọ, ọmọ tó sì ń wá a lọ́sẹ̀ kejì á kàn máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe gúrúùpù méjì: nínú ti ẹ̀kọ́, kí admin nìkan lè kọ̀wé, nínú ìkejì, kí wọ́n béèrè ohun tó wù wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, “ẹ kú àárọ̀, sà” ogójì ni yóò bo ẹ̀kọ́ yín mọ́lẹ̀. Ọmọ tó kí tíṣà ò ṣẹ̀ ṣáá o.

Ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe. Fún osmosis, ìyẹn bí omi ṣe ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá lọ síbi tí ṣúgà tàbí iyọ̀ ti pọ̀ jù, iṣu wà nílé: kí wọ́n gé iṣu tútù tó ga tó ìka mẹ́ta, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, kí wọ́n bu ṣúgà ṣíbí tíì kan sínú ihò náà, kí wọ́n gbé e sínú abọ́ tí omi rẹ̀ ga tó ìka kan. Kí wọ́n fi iṣu tí wọ́n ti bọ̀ ṣe ìkejì. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ṣúgà inú iṣu tútù á ti di omi, omi náà á sì máa gòkè. Ti bíbọ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí iná ti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, awọ wọn ò lè yan ohun tó máa kọjá mọ́. Bí ọmọ kan bá ní tòun ò ṣiṣẹ́, ẹ béèrè bóyá èèpo ṣì wà lára iṣu náà, torí èèpo kì í jẹ́ kí omi wọlé; tàbí bóyá ọ̀bẹ ti lu ìsàlẹ̀ ihò. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ó mọ ẹni tó ṣe é.

A rí kọ̀ǹpútà alágbèéká 12 gbà fún ilé ìwé wa, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, iná ìjọba sì máa ń dé nígbà tó bá wù ú. Ọ́fíìsì mi ni wọ́n wà. Ǹjẹ́ wọ́n lè wúlò?
*Pìrìnsípà kan, Adó-Èkìtì*

Wọ́n lè wúlò, sà, tẹ́ ẹ bá kó wọn kúrò ní ọ́fíìsì. Kolibri, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń kó ẹ̀kọ́ pamọ́, ni kí ẹ wá. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì dìídì ṣe é fún ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà kan tó lágbára jù, kí ẹ gbé e lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti gba ẹ̀kọ́ sórí rẹ̀. Ẹ má gba gbogbo rẹ̀, á kún fọ́fọ́. Maths àti sáyẹ́ǹsì kíláàsì tẹ́ ẹ fẹ́ ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ láìlo wáyà, kò nílò síìmù. Àwọn kọ̀ǹpútà yòókù á so mọ́ ọn, wọn á sì tẹ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ sínú Chrome, ohun tó jọ 192.168.1.50:8080.

Ẹ má fi hotspot Windows rọ́pò ráútà. Ẹ̀rọ 8 péré ló ń gbà, ìkẹsàn-án á máa lu ilẹ̀kùn lásán. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ náà kò gbọdọ̀ sùn: ẹ wọ ibi ètò iná rẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó má sùn láé nígbà tó wà lórí iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo kíláàsì á já lójijì. Tí àdírẹ́sì bá ń yí padà nígbàkígbà tí ráútà bá kú tó sì tún tàn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi àdírẹ́sì kan mọ́ ọn lára nínú ráútà.

Tẹ́ ẹ bá ka kọ̀ǹpútà kan sí wáàtì 60, 12 á gba 720. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní “I better pass my neighbour” á máa mí gúlegúle. Ẹ fi mẹ́fà sí i lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn wáàtì 360. Tí wọ́n bá kún, ẹ yọ wọ́n, ẹ fi mẹ́fà yòókù sí i. Àwọn tíṣà ni kí ó kọ́kọ́ lò ó, ìdajì wákàtí lọ́jọ́ Ẹtì fún oṣù kan, kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án. Tíṣà tí ojú bá tì níwájú akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbé kọ̀ǹpútà náà wọ kíláàsì mọ́.

Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa lórí Zoom ní gbogbo Sátidé. Tí a bá kọrin, ariwo lásán ló ń dà, ìlù mi kì í sì í jáde. Àkókò náà kì í tó.
*Ìyá kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù*

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà. Ohùn kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí Zoom, nítorí náà orin àjọkọ kò lè bára mu láéláé. Ẹ pa máíkì gbogbo wọn. Ẹ̀yin nìkan ni kí a máa gbọ́, kí wọ́n máa gbè é nílé wọn, lẹ́yìn náà kí ọmọ kan ṣoṣo tan tirẹ̀. Ní ti ìlù, Zoom rò pé ariwo ni, ó ń pa á. Ẹ tan “Original Sound” nínú ètò ohùn rẹ̀.

Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ní ìṣẹ́jú 40. Ẹ jẹ́ kó já. Ọmọ ọdún méje kò lè jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Kí kálukú ya àwòrán ọkọ́ tá a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ ọdẹ sórí páálí. Ẹ pe ọ̀kan, kí wọ́n na èyí tí wọ́n gbọ́ sókè. Ojú ẹsẹ̀ lẹ ó rí ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì mú ohùn, kò sì sí ẹni tó máa fi ẹlòmíì bojú.

Mo ti pé ẹni ọdún 57. NTI, ilé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè fún àwọn tíṣà, ni mo ti gba NCE mi, pẹ̀lú ìwé àtẹ̀jáde wọn àti kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé ó tún yẹ kí n máa bá àwọn ọmọdé dù ẹ̀kọ́ orí fóònù?
*Bàbá tíṣà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Bàbá, ẹ̀kọ́ àtòkèèrè lẹ ti ṣe kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wọn. Ọdún 1976 ni wọ́n dá NTI sílẹ̀ ní Kàdúná, ìwé tó ń wá bá yín nílé yẹn náà ni fóònù rọ́pò. Ohun tí fóònù kò gbé wá ni kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ dá a sílẹ̀: ẹ wá tíṣà méjì, kí ẹ jọ ṣe kọ́ọ̀sì kan náà, kí ẹ máa pàdé fún wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé. Òfin ọdún 2022 sì ti sún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí ẹni ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ yín ti gbà á wọlé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́jọ lè ṣì wà níwájú yín.

Pásíwọ́ọ̀dù ló máa ń dá àgbà dúró, kì í ṣe ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ lo ímeèlì kan ṣoṣo fún gbogbo kọ́ọ̀sì, kí ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé tó wà nílé, kí ẹ sì fi nọ́ńbà síìmù tẹ́ ẹ ṣì ń lò mọ́ ọn. Ẹni yòówù tó bá pè yín pé òun ti ọ́fíìsì kan wá, tó ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín fún òun, ẹ gé ìpè náà, kódà kó pè yín ní bàbá.