Ọdọọdún ni àwọn ọmọ kan náà ń gba ipò: kí ni kí olùkọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí ó ka iṣẹ́ sísìn àdúgbò mọ́ ẹ̀kọ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ díẹ̀ tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ ni wọ́n ń gba gbogbo ipò, àwọn yòókù a sì máa wọ́ tẹ̀ lé wọn bí a bá ní kí wọ́n lọ gbálẹ̀ àdúgbò. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ gbogbo wọn ní jíjẹ́ aṣáájú láìjẹ́ pé nǹkan dàrú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ipò kò lè tó gbogbo ọmọ láéláé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìpinnu wà nínú rẹ̀ lè kárí wọn. Kí ẹ tó ronú nípa ètò ìdìbò tuntun tàbí báàjì tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ọmọ pinnu fúnra wọn ní sáà tó kọjá. Bí kò bá kọjá irú aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ àríyá, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé àwọn yòókù fà sẹ́yìn.

Roger Hart, tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí fún UNICEF ní 1992, to ìkópa ọmọdé sí ìpele mẹ́jọ bí àkàsọ̀. Ó ní ìpele mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá: àgbà ń lo ọmọ fún ohun tí ọmọ kò lóye, tàbí ó ń fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́, tàbí ó fún ọmọ láyè láti sọ̀rọ̀ fún àfihàn lásán. Àwọn ọmọ tí a kó jáde lọ gbálẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n wà, bó ti wù kí fọ́tò wọn dára tó. Ìpele kẹrin ni ìkópa ti bẹ̀rẹ̀: àgbà ló yan iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ mọ ìdí rẹ̀ àti ẹni tó pinnu rẹ̀, ó sì fínnúfíndọ̀ gbà láti ṣe é. Ẹ ò rí i pé kò pọn dandan kí ẹ fò dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1989 náà ní abala 12 tí ó ní kí a gbọ́ èrò ọmọ lórí ohun tó bá kàn án, kí a sì kà á sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Kò sọ pé ohun tí ọmọ bá wí labẹ gé, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ kan ṣe ń bẹ̀rù.

Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì pín in dáadáa. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fẹ́ máa ran àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwé kíkà. Ẹnì kan yóò kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ohun tí wọ́n nílò gan-an, nítorí ìrànlọ́wọ́ tí a kò béèrè máa ń di ẹrù fún ẹni tí a fẹ́ ràn. Ẹlòmíràn yóò tọ́jú ìwé, ẹlòmíràn yóò yan ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wo. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ lè mú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí ó sì ṣàkíyèsí pé ọjọ́ kan náà ni àwọn ọmọ kan máa ń pa jẹ. Òun ni kí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé, kí òun sì dábàá ọjọ́ mìíràn. Ẹ má bá a sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìpàdé máa ń yọ olùkọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á díẹ̀, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ní iwájú tí gbogbo ojú yóò ti máa wá ìdáhùn sọ́dọ̀ yín.

Kí àkọsílẹ̀ ìpàdé sọ ohun tí a pinnu, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí, kí ìpàdé tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ lè pààrọ̀ alága láàárín sáà. Ti akápò ni kí ẹ má tètè pààrọ̀, kí owó má bàa sọnù sí àárín ọwọ́ méjì. Ní ti àwọn tó ti wà nípò, ẹ má yọ wọ́n. Ẹ fi kún iṣẹ́ wọn pé kí oníkálùkù kọ́ ẹnì kan tí kò dipò mú rí ní iṣẹ́ òun.

Bí wọ́n bá ń jáde, ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí ní kíkọ, kí àgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ sì wà pẹ̀lú wọn.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Fífi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí ìlera àti ti ìdánwò náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí wọ́n bá ṣe ìpinnu lórí ohun tí ẹ ti fi lé wọn lọ́wọ́, tí kò sì ní ewu nínú, ẹ jẹ́ kí ó dúró, kódà bí ẹ̀yin ìbá ti ṣe é lọ́nà mìíràn.