Kí ló ń gba eré lọ́wọ́ ọkọ̀ mi ní kọ́nà tó ká kò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kent ni mo ń gbé, mo sì máa ń wa Mazda MX-5 mi lọ sí Brands Hatch lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá fún àwa tí à ń fi owó ara wa sáré. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ìyẹ́ ńlá sẹ́yìn ọkọ̀ náà, mo fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ imú rẹ̀, mo sì pààrọ̀ sípíríǹgì sí èyí tó le gan-an. Ní Paddock Hill, kọ́nà tí à ń fi eré gbà, kò sẹ́ni tó ń bá mi. Àmọ́ tí a bá ti gòkè dé Druids, kọ́nà tó ká kò, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mọ́tò tiwọn ò ní ìyẹ́ kankan á lé mi bá, wọ́n á sì ti kọjá kí a tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Imú ọkọ̀ mi kì í fẹ́ yà. Mo ti gbé ìyẹ́ náà dúró sí i, síbẹ̀ kò yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ìnáwó. Ohun tí o rà dára, àmọ́ kì í ṣe nítorí Druids ni wọ́n ṣe ṣe é. Iṣẹ́ sípíríǹgì àti táyà ọkọ̀ eré ni mò ń ṣe jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìbéèrè rẹ yìí sì ni awakọ̀ ń bi mí jù, àti ọmọdé àti àgbà.

Ìyẹ́ ò ní agbára kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá ló ti ń yá a. Tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí eré bá já sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló kù. Ká ní ìyẹ́ rẹ ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹrù 60 kg nígbà tí o bá ń sá 120 km láàárín wákàtí. Ní Druids, tí o bá gbà á ní 60, kò ju 15 kg lọ mọ́. Ìyẹ́ náà àti irin tó dúró lé sì lè tó 8 kg fúnra wọn, òkè pátápátá ni wọ́n wà, níbi tí a ò ti fẹ́ ẹrù rárá. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ tí o gbé dúró sí i fi dà bí omi tí o ń pọn sínú agbọ̀n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yìn ni ìyẹ́ yẹn ń tẹ̀, imú sì ni àìsàn wà.

Tí afẹ́fẹ́ bá ti fi ọ́ sílẹ̀ ní Druids, rọ́bà, ìwúwo ọkọ̀ àti sípíríǹgì ló kù tí o ní. Ibẹ̀ ni ká ti wá a.

Má sì rò pé ìwọ nìkan ló ń ṣe. Ní 2023, ìdíje Formula 1 (F1) méjìlélógún ni wọ́n sá, Red Bull sì gba mọ́kànlélógún nínú rẹ̀. Ọ̀kan tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ti Singapore, lórí títì àárín ìlú tó kún fún gbágungbàgun àti kọ́nà tí wọn kì í sáré gbà. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa wà níwájú, nínú àwọn awakọ̀ Red Bull, Verstappen ṣe ipò kọkànlá, Pérez ṣe ìkẹtàlá, Sainz ti Ferrari ló sì gba ife lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan náà ni. Láti 2022 di 2025, abẹ́ ọkọ̀ F1 ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, abẹ́ náà kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tó bá sún mọ́ ilẹ̀, tí gíga rẹ̀ ò sì yí padà. Kí gíga má bàa yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi sípíríǹgì tó le bí òkúta sí i. Ní kọ́nà tí wọ́n ń fi eré gbà, èrè nìyẹn. Ní kọ́nà tó ká kò, tí ilẹ̀ ò tẹ́jú, tí èèyàn ní láti gun etí títì, táyà ò lè tẹ̀ lé ilẹ̀ mọ́. Ńṣe ni ọkọ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

Wá wo tìrẹ báyìí. Pákó pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ imú ọkọ̀ rẹ, kí ni kò gbọ́dọ̀ ṣe? Kò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀ nígbà tí o bá tẹ bíréèkì. Nítorí rẹ̀ lo fi fi sípíríǹgì líle sí i, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Gbèsè kan náà tí Red Bull san ní Singapore lò ń san ní Druids. Ẹnì kan ti bọ́ nínú gbèsè yìí rí: ní 1992, ẹgbẹ́ Williams ṣe ọkọ̀ F1 kan, FW14B, tí kọ̀ǹpútà ń gbé sókè sódò fúnra rẹ̀ bí títì bá ṣe rí, tí gíga rẹ̀ fi ń dúró bákan náà láìjẹ́ pé wọ́n mú un le koko. Mansell, awakọ̀ wọn, fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún náà. Nígbà tó di 1994, wọ́n ti fi òfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Inú mi ṣì máa ń dùn tí mo bá rántí ọkọ̀ yẹn.

Kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún ni Druids. Bí o bá ti ń yà, ẹrù ọkọ̀ á ṣí kúrò lórí táyà apá ọ̀tún, á lọ kó jọ sórí ti apá òsì. Rọ́bà sì ní ìwà kan: tí o bá gbé ẹrù ìlọ́po méjì lé e, á di ilẹ̀ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò ní tó ìlọ́po méjì. Wò ó bí alábàárù méjì. Tí wọ́n bá pín ẹrù dọ́gba, wọ́n á jọ rìn dáadáa. Tí o bá kó gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan lórí, èkejì ń rìn lọ́wọ́ òfo, ẹni tó ru ẹrù á sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, apá tó bá le jù ni ẹrù tó ń ṣí máa ń bá wí jù. Tí iwájú rẹ bá le ju ẹ̀yìn lọ, táyà iwájú apá òsì nìkan ni alábàárù rẹ ní Druids. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òun ló ń mú kí imú kọ̀.

Tí o bá tún débẹ̀, wọlé lẹ́yìn ìyípo bíi mẹ́fà, má dúró kí táyà tutù. Bẹ̀rẹ̀ síbi táyà iwájú apá òsì, kí o fi ọwọ́ nu etí rẹ̀ lápá òde. Tí ohun tí mo rò bá jẹ́ òótọ́, wàá rí rọ́bà tó ti yí wínníwínní, bí ìdọ̀tí tí kànìnkànìn ń ká jọ lára ẹni tó ń wẹ̀. Táyà tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń yí bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ooru, èyí tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, gún táyà kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́ta: etí inú, àárín, etí òde. Má lo èyí tí wọ́n ń na ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí i, ojú rọ́bà nìkan nìyẹn ń wò, ojú rọ́bà sì ti tutù kí o tó bọ́ sílẹ̀. Tí táyà iwájú bá gbóná gan-an ju ti ẹ̀yìn lọ, iwájú ló ń ṣe àṣekúdórógbó. Tí etí òde bá gbóná ju etí inú lọ dáadáa, táyà náà dúró ṣánṣán jù. Ní kí wọ́n dà á sínú díẹ̀ sí i lókè tí o bá lọ ṣe aláímẹ́ǹtì.

Mo mọ bó ṣe ń rí tí èèyàn ò bá wo táyà lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́dún kan, mo wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan tí ọkọ̀ wọn kì í yà ní kọ́nà tó ká kò. Odindi ọjọ́ kan la fi ń fi kún ìyẹ́ iwájú, díẹ̀díẹ̀, ìgbà mẹ́rin. Imú ò yà. Ní ìkarùn-ún, ọkọ̀ náà yí pooyi mọ́ awakọ̀ náà lọ́wọ́ ní kọ́nà tí wọ́n ń fi eré gbà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyẹ́ tí à ń fi kún ti ń ṣiṣẹ́. Ó kúrò lórí títì, ó sì lọ fi ẹ̀yìn gbá ògiri táyà. Kò fara pa, àmọ́ ojú rẹ̀ nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi kún un. Ọ̀pá stabilizer iwájú, irin tó so apá ọ̀tún mọ́ apá òsì, ló le jù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi dẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, imú sì yà.

Ìdí tí Druids fi ń dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé o ń pẹ́ níbẹ̀. Ká ní kọ́nà kan gùn tó mítà 100. Ẹni tó bá gbà á ní 60 á lo ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹni tó bá gbà á ní 62 á lo 5.8. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Ní kọ́nà tó gùn bákan náà tí ẹ̀ ń gbà ní 120, tí o bá fi 2 kan náà yẹn ju ọ̀rẹ́ rẹ lọ, èrè rẹ ò ju 0.05 lọ. Gbogbo ohun tí o jẹ ní Paddock Hill, ẹ̀ẹ̀kan ni Druids máa ń gbà á padà, á sì gba èlé sí i, nítorí pé eré tí o fi jáde níbẹ̀ lo máa gbé sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Graham Hill Bend, kọ́nà tó tẹ̀ lé e.

Ìwúwo náà ò ṣeé fojú di. Ní 2008, ọkọ̀ F1 tòun ti awakọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju 605 kg lọ. Nígbà tó di 2022, ó ti di 798, ọkọ̀ sì ti gùn, àyè tó wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn lè tó mítà 3.6. Ní kọ́nà tó wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì Fairmont ní Monaco, tí eré kì í fi bẹ́ẹ̀ tó 50, wọ́n ní láti ṣe iwájú ọkọ̀ lákànṣe kí táyà lè yà ju bó ṣe ń yà lọ níbòmíràn. Nítorí irú nǹkan báyìí ni òfin 2026 fi dín ìwúwo kù sí 768, tó sì gé gígùn yẹn sí 3.4. Ìwọ náà, tí nǹkan kan bá ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ tí kò ṣiṣẹ́, yọ ọ́. Táyà àfirọ́pò tó wà nínú búùtù ńkọ́?

Bí mo ṣe máa ṣe é tó bá jẹ́ tèmi: ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́ dẹ ọ̀pá stabilizer iwájú ní ihò kan, kí o sá ìyípo mẹ́fà. Tí imú bá ti ń gbọ́, fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Tí kò bá gbọ́, gbé pákó abẹ́ imú yẹn sókè díẹ̀, kí o lè rí àyè fi sípíríǹgì tó rọ̀ ju ìyẹn lọ síwájú. Wàá pàdánù díẹ̀ ní Paddock Hill. Gbà bẹ́ẹ̀. Wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tó bá gbóná, kì í ṣe láàárọ̀ nìkan.

Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Wo fídíò inú ọkọ̀ rẹ. Nígbà tí imú bá kọ̀, ṣé o máa ń yí sítíárìn sí i? Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Táyà tó ti yà kọjá ààlà ò ní yà sí i, ńṣe ló máa ń wọ́ ilẹ̀ bíi bíréèkì. Òkè ni Druids wà, òkè náà á bá ọ dá ọkọ̀ dúró, torí náà o lè tètè parí bíréèkì líle, kí o wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń yà, kí ẹrù lè dúró sórí imú. Má tẹ iná kí ọwọ́ rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sítíárìn padà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tí táyà ẹ̀yìn apá inú sì ń yí lásán, tí o ń gbóòórùn rọ́bà, differential rẹ, ẹ̀rọ tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ń da agbára sórí táyà tí kò ní ẹrù. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀yìn náà bá le jù.

Táyà mẹ́rin, ibi mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà méjìlá nìyẹn. Kọ wọ́n sílẹ̀ kí o tó dẹ nǹkan kan, kọ wọ́n lẹ́yìn tí o bá dẹ̀ ẹ́, kí o fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fídíò Druids ìyípo kan. Tí ẹ̀yìn bá yẹ ní fífọwọ́ kàn, àwọn nọ́ńbà yẹn la máa fi mọ̀.