Òdòdó ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ìgò

Ẹ ní ẹ fẹ́ máa ṣe nam ob, omi olóòórùn dídùn àwọn ará Thailand, kí ẹ máa tà á láì ba ilẹ̀ àti igbó jẹ́. Ẹ wá ń béèrè irú ìgò tó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgò sílẹ̀ ná.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní Bangkok, ọjà òdòdó Pak Khlong Talat ni mo ti ń ra mali, òdòdó tí òyìnbó ń pè ní jasmine. Ó funfun báláú, kòkòrò ò fẹnu kàn án. Àfìgbà tí ọrùn oníbàárà mi kan sú wìnnìwìnnì. Mo tẹ̀ lé ẹni tó ń tà á dóko, ibẹ̀ ni mo ti rí agolo apakòkòrò. Òdòdó tí wọ́n ń sín ṣe ẹ̀gbà ni, ojú ni wọ́n gbìn ín fún. Èmi wá ń rẹ ẹ́ sínú omi tí èèyàn ń fi para! Mo da gbogbo èyí tó kù nù, owó mi sì bá a lọ.

Àgbẹ̀ tí kì í fín oògùn ni mò ń bá rà báyìí. Ó wọ́n, kòkòrò sì máa ń jẹ òmíràn létí. Ìrọ̀lẹ́ ló ń já a, kó tó là. Mo máa ń tẹ́ ẹ sójú omi tútù mọ́jú, mo sì ń kó o kúrò láàárọ̀ kó tó rọ. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, omi á kan. Lẹ́yìn náà ni tian op, àbẹ́là ìda oyin tí òwú rẹ̀ ń jó lórí méjèèjì: ẹ tàn án, ẹ fẹ́ ẹ pa, kí ẹ dé ìkòkò kí èéfín lè wọ omi.

Nígbà òtútù, mali kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ. Mo máa ń dín èyí tí mò ń ṣe kù ni, mi ò kì í fi òórùn inú agolo dí i. Ìgbà ooru ló ń yọ jù, Songkran, ọdún tuntun àwọn ará Thailand ní 13 oṣù Kẹrin, sì bọ́ síbẹ̀, nígbà tí gbogbo ilé ń wá nam ob tí wọ́n máa dà sọ́wọ́ àwọn àgbà.

Ẹni tó bá ní kí ẹ fi òróró igi kritsana (agarwood) sí i, ẹ béèrè ìwé tó fi ibi tó ti wá hàn. Igi náà kì í mú oje olóòórùn jáde àfi tó bá gbọgbẹ́, tí àìsàn wọ inú ọgbẹ́ náà, nítorí náà àwọn tó ń wá a nínú igbó ń gé ọ̀pọ̀ dànù lásán. Láti 2005 ni gbogbo ẹ̀yà Aquilaria, ìdílé igi kritsana, ti wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko inú igbó kí wọ́n má bàa run. Wọ́n ń gbìn ín lóko ní Trat, ní Thailand níbí, ẹ bá wọn rà tó bá pọn dandan. Èmi ò fi sí tèmi.

Ìgò tí ẹ béèrè: onígíláàsì kékeré ni mò ń lò, mo sì ń gbà á padà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ má lo ńlá, omi yìí kì í pẹ́ bàjẹ́.