Ọlọ́run mọ̀, awakọ̀ náà sì mọ̀

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìdáhùn yín sí àwọn ẹlòmíràn, mi ò rò ó rí pé ọjọ́ kan máa kàn mí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹta. Táyà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ló bẹ́, ọkọ̀ sì gbókìtì. Àwọn tó yè sọ fún wa pé kí wọ́n tó gbéra ní gáréèjì, obìnrin kan fi waya tó ti yọ jáde lára táyà náà han awakọ̀. Awakọ̀ ní kó lọ jókòó, pé òun ti ń fi í rìn tipẹ́, Ọlọ́run ò já òun kulẹ̀ rí. Kọ̀ńdọ́tọ̀ rẹ̀ sì ti sọ fún un lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Awakọ̀ náà yè. Wọ́n ti tún bọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá kí wa nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sunkún, ó ní ká gba kádàrá. Pásítọ̀ wa ní Ọlọ́run ti mọ̀ nípa ikú yìí kí wọ́n tó bí àbúrò mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ní ó ti wà lákọsílẹ̀, pé kí á lọ gbé ẹjọ́ kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìbéèrè mi nìyí, Màmá. Bí Ọlọ́run bá ti mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ pé ọkùnrin yìí máa wa ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó ṣeé ṣe fún un kó má wà á? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Bí Ọlọ́run bá sì jẹ́ alágbára ohun gbogbo, kí ló dé tí kò dá a dúró? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé mò ń béèrè?

Ẹ̀gbọ́n Olóògbé, Ṣàgámù


ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú. Ó burú kí ẹ̀gbọ́n sin àbúrò.

Èyí tó ń kánjú ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ má gbé ẹjọ́ yẹn kúrò nítorí kádàrá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kúrò nítorí àánú, ìyẹn yàtọ̀, n ó sì dé orí rẹ̀. Àmọ́ kádàrá kì í ṣe ìdí.

Ilé tí wọ́n ti bí mi ní Abẹ́òkúta, bàbá mi ń kírun, màmá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ìyá bàbá mi sì ń kí orí rẹ̀ láràárọ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti gbọ́ pé ohun tó ti wà lákọsílẹ̀ ló ń ṣẹ. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu èyíkéyìí nínú wọn pé nítorí náà, ẹni tó ṣe nǹkan kò ṣe é.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mímọ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ítálì tó ń jẹ́ Boethius, ìjòyè ńlá lọ́dọ̀ ọba Theodoric. Wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì pa á ní nǹkan bí ọdún 524. Àtìmọ́lé tó ti ń retí ikú yẹn ló ti jókòó ti ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ gan-an. Ohun tó rí ni pé àwa tí à ń gbé inú àkókò la ń sọ pé Ọlọ́run mọ̀ “tẹ́lẹ̀”. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, àná, òní àti ọ̀la wà níwájú Rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn dúró sórí òkè gíga tó ń wo gbogbo ọ̀nà nísàlẹ̀. Bí o bá gun Olúmọ, tí o rí ọkùnrin kan tó ń rìn lọ nísàlẹ̀, òótọ́ ni pé ó ń rìn, o sì mọ̀ dájú pé ó ń rìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ kọ́ ló ń tì í lọ.

Èyí dáhùn ìdajì. Mo mọ̀ pé kò dáhùn gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tó dúró lórí Olúmọ kọ́ ló dá ọkùnrin tó ń rìn náà. N ó padà sórí ìyẹn.

Kódà nígbà tí Ọlọ́run bá la ẹnu sọ ohun tó mọ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn kì í torí ẹ̀ dè. Ṣí Sámúẹ́lì Kìíní orí 23. Dáfídì ti gba ìlú Kéílà lọ́wọ́ àwọn Fílístínì, inú ìlú náà ló wà nígbà tó gbọ́ pé Sáúlù fẹ́ wá ká a mọ́ ibẹ̀. Ó ní kí àlùfáà Ábíátárì gbé éfódì wá, ìyẹn aṣọ àlùfáà tí wọ́n fi ń wádìí lọ́dọ̀ Olúwa, ó sì béèrè lọ́wọ́ Olúwa: ṣé Sáúlù yóò wá? Olúwa ní yóò wá. Ṣé àwọn ará Kéílà yóò fa òun àti àwọn ènìyàn òun lé e lọ́wọ́? Olúwa ní wọn yóò fà yín lé e lọ́wọ́. Dáfídì kò ká ọwọ́ lẹ́rán kó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Òun àti àwọn ọkùnrin bí 600 tó tẹ̀lé e dìde, wọ́n jáde kúrò nílùú. Sáúlù gbọ́ pé ó ti lọ, kò wá mọ́. Àwọn ará Kéílà kò rí ẹni fà léni lọ́wọ́. Ṣé irọ́ ni Ọlọ́run pa? Rárá o. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Dáfídì bá dúró, Ó sì sọ ọ́ fún un kó má baà dúró. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní Ìmọ̀ Bíbélì, mi ò rí ibòmíràn tí ìmọ̀ Ọlọ́run àti yíyàn ènìyàn ti jókòó pọ̀ tó báyìí láìbá ara wọn jà.

Awakọ̀ yẹn náà rí ẹni sọ fún un. Obìnrin kan ní gáréèjì ni.

Ìtàn mìíràn wà tí àwọn álífáà mọ̀ dáadáa, tó yẹ kí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ rántí. Ní nǹkan bí ọdún 639, Sayyidinà Umar, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì Muhammad, ń lọ sí ilẹ̀ Síríà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, àwọn ọ̀gágun wá pàdé rẹ̀, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú. Umar pe àwọn àgbà, ó fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, ẹnu wọn kò kọ́kọ́ kò. Nígbẹ̀yìn ó ní òun á padà sílé. Abú Ubaydah, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun náà, bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún? Umar dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, à ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó ní bí o bá da ràkúnmí rẹ dé àfonífojì kan, tí ẹ̀gbẹ́ kan ní koríko, tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ, èyí tó o bá dà á sí nínú méjèèjì, ṣebí kádàrá Ọlọ́hun náà ni? Umar gba kádàrá gbọ́ ju èmi àti ìwọ lọ, ó sì yí padà.

Ìyá bàbá mi kò gbọ́ orúkọ Sargh rí. Tirẹ̀ ni ìtàn Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn lọ́run. Àwọn ọ̀rẹ́ náà kánjú lọ, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú, orí wọn kò sì bá òjò dúró. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀, ó gbàmọ̀ràn, ó rúbọ, ó tún bá Àjàlá san gbèsè kó tó yan tirẹ̀. Nínú ìtàn àyànmọ́ gan-an, ẹni tó gbọ́ràn ló yan orí rere.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an wá wà nínú Ẹ́kísódù orí 21. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa, wọn yóò sọ màlúù náà lókùúta, olówó rẹ̀ yóò bọ́. Ṣùgbọ́n bí màlúù náà bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sé e mọ́, ọrùn olówó ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Ka àwọn ẹsẹ yẹn dáadáa, láti 28 dé 30. Kò sí ibi tí wọ́n ti bi olówó màlúù bóyá Ọlọ́run mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màlúù rẹ̀ máa kàn. Ọlọ́run tó ń ṣòfin náà mọ̀. Ohun tí òfin Rẹ̀ béèrè ni pé: ṣé wọ́n kìlọ̀ fún un?

Ohun tí Ọlọ́run mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sí ní àrọ́wọ́tó awakọ̀ yẹn, adájọ́ kankan kò sì ní bi í. Waya tó yọ jáde wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Lára táyà kọ̀ọ̀kan pàápàá, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí o bá rí 2214, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014 ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 ń pariwo rẹ̀ fún àwọn awakọ̀. Ẹni tó bá ní ojú lè kà á. Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ ni pé kí ọkọ̀ tó gbéra, ọkùnrin yìí fi Ọlọ́run ṣe onídùúró fún táyà rẹ̀. Nígbà tí táyà bẹ́, ó fi Ọlọ́run ṣe ẹni tó jẹ̀bi. Kò sí ìgbà kankan tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Fáráò ńkọ́? Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í jẹ́ kí n kọjá ibẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí pásítọ̀ yín náà mẹ́nu bà á. Olúwa ti sọ fún Mósè pé Òun yóò mú ọkàn Fáráò le, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ka ìyọnu mẹ́wàá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ọkàn Fáráò le, tàbí kí Bíbélì sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló mú un le. Ìgbà tó dé orí ìkẹfà, ti eéwo, la tó kà á pé Olúwa mú un le. Ẹni tó ń kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ léraléra máa ń dé ibi tí etí rẹ̀ kò ní gbọ́ mọ́. Kọ̀ńdọ́tọ̀ sọ lánàá, èrò ọkọ̀ sọ lónìí.

Mo wá padà sórí èyí tó le. Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tó kàn dúró lókè tó ń wòran. Òun ló dá awakọ̀, Òun ló dá àbúrò rẹ, ó sì lè dá ọkọ̀ dúró. Àwọn tó ti ronú lórí rẹ̀ ṣáájú wa ní bí Ọlọ́run bá ń di ọwọ́ wa mú nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ṣe ibi, kò ní sí ẹni tó yan rere láéláé. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ ní gáréèjì yẹn pàápàá kò ní ní ìyìn kankan. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ó kàn sọ ìdí tí Ọlọ́run fi fi awakọ̀ sílẹ̀ kó yan ohun tó wù ú ni. Kò sọ ìdí tí àbúrò rẹ fi wọ bọ́ọ̀sì yẹn, tí kò wọ èyí tó tẹ̀lé e. Mi ò ní sọ fún ọ pé Ọlọ́run nílò rẹ̀ lọ́run, tàbí pé Ó fi ikú yọ ọ́ nínú ibi kan tó ń bọ̀. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Élífásì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní àlàyé fún gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jóòbù. Jóòbù ní tirẹ̀ kò ní àlàyé, igbe ló ń ké, ó ń béèrè. Ní orí 42, àwọn aláàlàyé ni Olúwa bínú sí. Ó ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun bíi ti Jóòbù ìránṣẹ́ Òun. Nítorí náà, rárá, ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Máa béèrè.

Pásítọ̀ yín kò sì purọ́. Ọlọ́run mọ̀. Ìtùnú ni ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ṣòfò, pé àbúrò rẹ kò kú níbi tí ojú Ọlọ́run kò tó. Gbígba kádàrá, ìwọ àti àwọn òbí rẹ lẹ ni ín, ẹ ó sì gbà á lọ́jọ́ tí ẹ bá lè gbà á. Kì í ṣe ti ẹni tó fa òfò láti wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Lọ bá àgbà inú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa, má bá a jiyàn. Bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kí álífáà tó ń fọkàn tán sọ ìtàn Sargh fún gbogbo ẹbí, kó sì ka Súúrà kẹrin, ẹsẹ 92, sí wọn létí, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́. Owó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹbí olóògbé, ààyè sì wà fún ẹbí láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹbí ló ń yọ̀ǹda, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ àti pé ẹnì kan ló ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ dárí jì í, ẹ dárí jì í báyìí: kí ohun tó ṣẹlẹ̀ wà lákọsílẹ̀, waya táyà àti ìkìlọ̀ obìnrin yẹn àti ti kọ̀ńdọ́tọ̀, kí ẹ tó sọ fún ọlọ́pàá tàbí adájọ́ pé ẹ̀bẹ̀ lẹ fẹ́.

Bí awakọ̀ náà bá sì tún wá kí yín, má lé e. Fún un lómi, jẹ́ kó jókòó, kí o bi í bóyá ó ti pààrọ̀ àwọn táyà tó kù lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yẹn. Bí kò bá tíì pààrọ̀ wọn, kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, kí o gbé e lọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́jọ́ náà.