Èsì: Ìjì òjò àkọ́kọ́ l'Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìbéèrè, àǹtí. Ẹ ní oru kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ sì fẹ́ jókòó sí fàrandà gbádùn òjò, àmọ́ omi ń fẹ́ wọlé, àrá sì ń bà yín lẹ́rù.

Ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ ìjì òjò wa ti ń wá. Bí ojú ọ̀run ìhà ibẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ ṣí ti ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀: atẹ́gùn tútù á wà, ilé ò sì ní tutù rinrin. Ẹ tètè ká aṣọ, torí atẹ́gùn ló ń ṣáájú òjò, tòun teruku. (Àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ló máa ń jìyà ẹ̀.)

Ní ti àrá, bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó fi jìnnà sí yín. Bí ìṣẹ́jú-àáyá tẹ́ ẹ kà kò bá tó 30, ẹ kúrò ní fàrandà, kẹ́ ẹ máa wòran láti inú ilé. Ẹ ti yọ tẹlifíṣọ̀n lára iná ṣáájú, ẹ má sì wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó jáde. Orí Olúmọ kì í ṣe ibi ìwòran nígbà náà o, bó ti wù kó dùn ún wò tó.

Ẹ má tètè gbé ike sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ni òjò àkọ́kọ́ ń fọ̀ lórí páànù. Ẹ jẹ́ kó ṣàn tó ìṣẹ́jú 15.

Àgbàdo ò tíì jáde. Ẹ rọra fi ẹ̀pà mu gàrí.